Ìlú Tí Ó Wà Nínú Ọpọ́n: Ìrìn-àjò sí New Orleans

Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ìlú New Orleans, ní Ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, mo rí àwọn ènìyàn tí ń bá omi jìjàkadì lọ́sàn-án àti lóru kí wọ́n tó lè rí ibi sùn.

Ní ilẹ̀ wa, ńṣe ni a máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí omi. Níbẹ̀, ńṣe ni mo gun òkè odi erùpẹ̀ kí n tó lè fi ojú kan ọ̀sà Pontchartrain. Nígbà tí mo yí padà, òrùlé àwọn ilé wà nísàlẹ̀ mi. Ìlú náà dà bí ọpọ́n: odò Mississippi wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀sà wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Òjò tí ó bá rọ̀ sínú rẹ̀ kò lè ṣàn jáde fúnra rẹ̀. A ní láti gbé e jáde ni.

Àwọn Faransé tí ó tẹ ìlú náà dó ní ọdún 1718 kọ́ ilé wọn sí ibi tí ó ga lẹ́bàá odò. Àbàtà ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ní ọdún 1913, ẹnjiníà A. Baldwin Wood ṣe pọ́ǹpù ńlá kan tí ó ń gbé omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àbàtà gbẹ, àwọn ènìyàn sì kọ́lé síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ilẹ̀ àbàtà tí a bá fa omi rẹ̀ a máa rì. Ẹ̀rọ tí ó gba ìlú là ni ó sì mú kí ó túbọ̀ rẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí kò lè dáwọ́ dúró mọ́.

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, ọdún 2005, ìjì ńlá Katrina dé. Nígbà náà, àwọn ilé ẹ̀rọ ń da omi òjò sínú àwọn ọ̀nà omi tí a gbẹ́ láti inú ìlú lọ sí ọ̀sà, ẹnu wọn sì ṣí sílẹ̀. Ìjì ti omi ọ̀sà gba ẹnu náà wọlé. Ògiri ọ̀nà omi 17th Street àti ti London Avenue sì ya. Ọ̀nà tí omi ń gbà jáde di ọ̀nà tí omi gbà wọlé. Bí a bá pín ìlú sí ọ̀nà márùn-ún, omi bo mẹ́rin. Ẹ̀mí tí ó lé ní 1,000 ṣòfò, ó sì ju 40 ọjọ́ lọ kí a tó fa omi náà tán.

Mo dúró ní ẹnu ọ̀nà omi 17th Street, níbi tí ọ̀kan nínú àwọn ilé ẹ̀rọ titun mẹ́ta tí a parí ní ọdún 2018 wà. Bí ìjì bá ń bọ̀, a ó ti àwọn ìlẹ̀kùn irin mọ́ omi ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn tí ó sé omi ọ̀sà mọ́ òde ni ó sé omi òjò mọ́ inú ilé. Nígbà náà ni pọ́ǹpù yóò gbé òjò kọjá ìlẹ̀kùn sínú ọ̀sà. Ilé ẹ̀rọ náà ní amúnáwá tirẹ̀. Nígbà tí ìjì Ida jà ní ọdún 2021, iná gbogbo ìlú kú, ṣùgbọ́n àwọn odi ìlú dúró gbọnin.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, ọdún 2017, òjò lásán, tí kì í ṣe ìjì, wọ inú ilé àwọn ènìyàn, nítorí pé díẹ̀ nínú àwọn pọ́ǹpù inú ìlú ti bàjẹ́, a kò sì tíì tún wọn ṣe.

Ẹ̀kọ́ tí mo gbé bọ̀ nìyí, ẹ̀yin ará. Ẹni tí ó kọ́ ilé ẹ̀rọ ni a máa ń yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń fi epo sí i ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ ni ó ń jẹ́ kí ìlú sùn.