Etí Ṣáájú Oògùn

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé, àwa náà jẹ̀bi ọ̀ràn yìí. Ìyá àgbà kan wà ní Ìjàgbó tí àìsàn rẹ̀ kò gbọ́ oògùn. Ìbáwí ni a fi ń kí i. Òun a sì dákẹ́. Ní ọjọ́ kan, a jókòó, a fetí sílẹ̀ títí ó fi wí pé òun ń mu àgbo ní ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú oògùn dókítà. Ẹ̀rù wa ni kò jẹ́ kí ó wí i.

Ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yìí, Dókítà Adéoyè Lambo ti fi ṣiṣẹ́ ní Aro, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, láti 1954: àwọn aláìsàn ọpọlọ ń gbé abúlé pẹ̀lú ìbátan wọn, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá a ṣiṣẹ́. Kò kẹ́gàn ìgbàgbọ́ wọn.

Ẹni tí a kò gbọ́ tirẹ̀, báwo ni yóò ṣe gbọ́ tiwa?