Ọdún Jámánì ní New Ulm

Ní oṣù Kẹwàá kan, mo lọ wo ọdún Oktoberfest ní New Ulm, ìlú kékeré ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, tí àwọn ará Jámánì tẹ̀ dó ní 1854. Ewé igi ti ń pọ́n. Fèrè idẹ ń dún, àwọn ọkùnrin wọ ṣòkòtò awọ tó mọ ní orúnkún, òórùn sọ́séèjì ń ta sánsán.

Bàbá arúgbó kan jókòó tì mí. Mo fi ìwọ̀nba èdè Jámánì tí mo gbọ́ kí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò gbọ́ ọ. Ìgbà tí àwọn òbí òun kò bá fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́.

Ìbẹ̀rù wà nídìí rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n ń fura sí ẹni tó bá ń sọ èdè Jámánì. Ní 1917, gómìnà yọ olórí ìlú New Ulm nípò nítorí ìpàdé kan tí wọ́n ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a má fi ipá kó ọmọ wọn lọ jagun ní Yúróòpù.

Ọ̀rọ̀ bàbá náà gún mi lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni èmi àti ìyàwó mi ń ṣe nílé: Yorùbá fún àṣírí, Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ọmọ. Àwa kò ní gómìnà tí a lè dá lẹ́bi. Aṣọ òkè wà nínú àpótí wa, àmàlà kò wọ́n wa. Ohùn nìkan ni à ń fi du àwọn ọmọ.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe ọmọ mi lórí fóònù, mo fi Yorùbá kí i. Ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó fi Gẹ̀ẹ́sì ní kí n tún un sọ.

Mo tún un sọ.