Ta Ni Ó Ni Odò?

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ohun tí ó rán mi wá sí yunifásítì, ẹja àrọ̀ ni n ó dá a lóhùn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Ẹlẹ́ja, ni ó tọ́ mi dàgbà, owó adágún ẹja wọn ni wọ́n sì fi san owó ilé-ìwé mi. Nítorí náà, kí òǹkàwé má ṣe rò pé ọ̀tá àwọn ọlọ́sìn ẹja ni ó ń kọ àròkọ yìí. Ẹni tí ó jẹ nínú ọbẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìkòkò.

Àǹfààní iṣẹ́ yìí kò kéré. Ẹja inú odò àti ọ̀sà kò pọ̀ tó ẹnu tí ń jẹ ẹ́ mọ́. Lónìí, bí a bá yọ ilẹ̀ Íjíbítì kúrò, kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà tí ó ń sin ẹja tó Nàìjíríà. Ẹni tí ó bá dé Èríwè lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde yóò rí adágún lẹ́gbẹ̀ẹ́ adágún. Àrọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń sìn. Ẹja yìí lágbára: bí ó ti ń mí nínú omi, bẹ́ẹ̀ ni ó ní ẹ̀yà ara kan ní orí rẹ̀ tí ó fi ń gba afẹ́fẹ́ lójú omi. Bí a bá bọ́ ọ dáadáa, ó lè wọn kílò 1 láàárín nǹkan bí oṣù 6.

Ọ̀nà tí a ń gbà sin ẹja kò jọra. Àwọn kan a gbẹ́ adágún sí ilẹ̀ àkùrọ̀; àwọn ohun tíntìntín inú ẹrẹ̀ a sì máa jẹ díẹ̀ nínú ẹ̀gbin ẹja níbẹ̀. Àwọn mìíràn a mọ adágún oníkọnkéré tàbí ti tapólì, wọn a fi ẹ̀rọ fa omi láti inú kànga, wọn a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn kan ń sin ẹja nínú àgò tí wọ́n rì sínú ọ̀sà. Ìsàlẹ̀ ọ̀sà ni gbogbo ìgbẹ́ ẹja náà ń balẹ̀ sí. Ní ọ̀sà Nokoué ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ìlú Ganvié wà, àwọn apẹja a máa ri ẹ̀ka igi mọ́ inú omi kí ẹja lè sá sí i, kí ó sì máa jẹ ohun tí ó bá hù lára igi náà. Acadja ni wọ́n ń pè é. Kò gba oúnjẹ rírà, ṣùgbọ́n igbó ni a ń ṣán kí a tó rí igi, igi tí ó bá sì jẹrà níbẹ̀ a máa dín jíjìn omi kù. Kò sí èyí tí kò ní gbèsè tirẹ̀.

Èyí tí ó kan abúlé wa ni gbèsè oúnjẹ. Oúnjẹ àrọ̀ kún fún purotéènì. Ẹja òkun tí a lọ̀ sì wà lára ohun tí a fi ń ṣe é. Nínú náítírójìn inú oúnjẹ náà, kò tó ìdajì tí ó ń di ẹran ara ẹja. Èyí tí ó kù a di ìgbẹ́ àti amóníà nínú omi. Bí a bá da irú omi bẹ́ẹ̀ sí odò kékeré, ajílẹ̀ ni ó jẹ́ fún ewé inú omi. Wọn a gbilẹ̀, omi a di aláwọ̀ ewé. Ní òru, wọn a máa bá ẹja du ọ́síjìn. Bí wọ́n bá sì kú, jíjẹrà wọn a gba èyí tí ó kù. Koríko ojú omi tí ó wọ ìhà Àgbádárìgì ní 1984, tí ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọlọ́kọ̀, irú ajílẹ̀ báyìí ni ó ń jẹ.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú. Omi tí ẹja mìíràn yóò kú sí, àrọ̀ lè wà nínú rẹ̀, nítorí ojú omi ni yóò ti lọ mí. Agbára tí ó fi ń pa owó wọlé fún wa náà ni kò jẹ́ kí ọlọ́sìn tètè mọ̀ pé omi ti bàjẹ́. Ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò ni ó ń kọ́kọ́ mọ̀.

Ní abúlé wa, àwọn obìnrin tí ń ṣe fùfú ni ó wà ní ìsàlẹ̀ odò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn omi tí wọ́n fi ń rẹ ẹ̀gẹ́. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kejì mi níhìn-ín, odò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣàn mọ́, ó sì ń rùn. Ìyá àgbà kan pè mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ìwé tí ò ń kà yẹn, ṣé kò sọ ohun tí ń ṣe odò wa?” Ìwé ti sọ ọ́. Mo mọ ibi tí omi náà ti ń bọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, mo ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Omi tí a ń tú ní ọjọ́ tí a bá kó ẹja ni ó ń yọ àwọn olófùfú lẹ́nu.”

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Omi yẹn náà ni ó rán ọ níwèé. Ṣé mo fi májèlé sí i ni? Bí mo bá gbẹ́ kòtò fún ìdọ̀tí, ilẹ̀ adágún kan lọ nìyẹn. Owó adágún kan sì ni owó ilé-ìwé àbúrò rẹ.”

N kò rí èsì fọ̀, nítorí òtítọ́ ni wọ́n sọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò náà, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lè silẹ̀ níbẹ̀, kí omi tí ó tòrò sì máa lọ sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ewédú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà so gan-an. Ṣùgbọ́n kòtò náà kéré. Ní ọjọ́ tí a bá tú adágún tán, ó ń kún àkúnwọ́sílẹ̀, omi ìkẹyìn tí ó ti ìsàlẹ̀ adágún wá ni ó sì dọ̀tí jù. Bàbá ti fi ilẹ̀ adágún kan sílẹ̀; àwọn mẹ́rin mìíràn tí ń sin ẹja létí odò náà kò tíì fi nǹkan kan sílẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, kì í ṣe pé kí a pa iṣẹ́ ẹja rẹ́ ni mo ń wí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí ń sìn ín létí odò kan náà pa owó pọ̀ gbẹ́ kòtò ńlá kan, kí wọ́n sì má jọ tú omi lọ́jọ́ kan náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì wa máa lọ yẹ irú odò bẹ́ẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi èdè Yorùbá sọ àbájáde rẹ̀ fún ẹni tí ń pọn ọ́n. Bí owó kòtò bá sì gbé díẹ̀ lé owó ẹja, kí àwa tí ń jẹ ẹ́ san án. Kò yẹ kí ó jẹ́ olófùfú ni yóò máa bá wa san gbèsè ọbẹ̀ tí kò tọ́ wò.

Àwọn àgbà ní bí a bá da omi síwájú, a ó tẹ ilẹ̀ tútù. Bí ó bá jẹ́ omi ìdọ̀tí ni a dà síwájú ńkọ́? Ẹlòmíràn ni yóò tẹ̀ ẹ́.