Orúkọ Tí Wọ́n Rán Mọ́ Ọrùn Aṣọ

Aago méje àárọ̀ Sátidé kì í lù bá Tíṣà nílé. Á ti wà ní ọjà Katangowa, lọ́nà Agége, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ tó ń lọ sí Abẹ́òkúta, torí àárọ̀ ni wọ́n máa ń tú bẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gé okùn ló máa kọ́kọ́ ṣà, òun náà ló sì máa sanwó jù. Tó bá di ọ̀sán, èyí tó kù á di òkìtì. Ọmọkùnrin kan á gun orí tábìlì, á máa lu agogo, á máa kígbe iye kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, iye yẹn á já wálẹ̀. Àárọ̀ ni Tíṣà ń ra ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ àti aṣọ tó ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ló ń ra aṣọ ìwọ̀sílé àti aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì.

Tíṣà ni gbogbo ọjà ń pè é, torí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ.

Òkirikà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe aṣọ yìí, wọ́n fi orúkọ ìlú etí omi kan ní Ìpínlẹ̀ Rivers pè é. Àwọn Haúsá ń pè é ní gwanjo. Ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn kan ń pè é ní bọ́síkọ̀nà, àfi bí ẹni pé olè ni èèyàn fẹ́ lọ jà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ àti fíríìjì tí àwọn òyìnbó ti lò rí, tòkunbọ̀ ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí Yorùbá ń sọ ọmọ tí wọ́n bí lókè òkun tí wọ́n gbé wálé. Ẹni tó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ á pe àlùfáà wá gbàdúrà sí i. Ẹni tó ra aṣọ láti ibì kan náà á fi ọ̀rá dúdú wé e kó tó wọ àdúgbò.

Tíṣà náà ti fi ọ̀rá dúdú wé e rí. Ìyẹn kí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tó dé, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan epo bẹntiróòlù sì kúrò ní nǹkan bíi ₦200 bọ́ sí ohun tó lé ní ₦500. Oṣù tó tẹ̀lé e ni wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀. Nígbà tó fi di 2024, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe ní Ṣómólú. Bébà àti yíǹkì tí wọ́n ń lò, òkè òkun ló ti ń wá. Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í sinmi ju bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan, tọkọtaya náà mú ìwé kan, wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń náwó lé lórí sínú rẹ̀. Owó ilé àti owó ìdánwò WAEC ọmọbìnrin wọn àgbà nìkan ni wọ́n fàlà sí nídìí, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun yòókù, wọ́n á wá ọgbọ́n sí i.

Ọgbọ́n náà pọ̀. Ilé mẹ́rin ládùúgbò ń dáwó ra àpò ìrẹsì, wọ́n ń fi kóńgò pín in. Tíṣà ń fẹsẹ̀ rin ibùdókọ̀ méjì lójúmọ́. Fíríìjì wọn, ọwọ́ tọkọtaya kan tó ń jápa lọ sí Kánádà ni wọ́n ti rà á. Tíṣà ní kí wọ́n tàn án, ó sì jókòó tì í fún wákàtí kan gbáko títí omi inú ife tó gbé sínú rẹ̀ fi tutù kó tó sanwó.

Ibi aṣọ ni ọ̀rọ̀ ti wá di afẹ́. Tíṣà kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ aṣọ wò. Ó ń gbé e sókè kí oòrùn là á já, ó ń wo abíyá, ó ń fa sípù lọ sókè lọ sódò, ó ń ka bọ́tìnnì. Pátá àti kọ́mú nìkan ni kì í rà níbẹ̀. Tó bá délé, á fa fọ́nrán kan yọ nínú aṣọ, á ṣáná sí i. Òwú gidi a máa rùn bí ìwé tó ń jó. Irun àgùntàn a máa rùn bí irun orí tí iná rà. Èyí tó bá jẹ́ ti rọ́bà á yọ́, á gan pọ̀ di kókó líle. (Ilé ni kí ẹ ti ṣe é o. Ẹni tó bá ṣáná nínú ọjà òkirikà, lílù ni wọ́n máa lù ú, ẹ̀bi rẹ̀ sì ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, iná jó apá tó pọ̀ nínú ọjà Kantamanto ní Accra.) Lẹ́yìn náà, aṣọ á sùn nínú omi iyọ̀, wọ́n á fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á lọ̀ ọ́ níta àti nínú. Tó bá tóbi jù, ọbíọ̀mà tó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ léjìká kiri àdúgbò á dín in kù.

Àwọn aládùúgbò kan ní ahun ni. Ṣùgbọ́n ahun ni ẹni tó lówó tí kò lè ná an. Tíṣà ń ná tirẹ̀, ó kàn fẹ́ mọ ibi tó ń lọ ni. Òkirikà náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ́ mọ́. Dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, ó wà lára ọjà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin dè pé kí wọ́n má kó wọlé, ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀lì ló sì ń gba Kutọnu wọ̀lú. Gbogbo ìdíwọ́ wọ̀nyí, orí ẹni tó ń ṣà ni owó rẹ̀ ń já lé.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, Tíṣà rí súwẹ́tà aláwọ̀ búlúù kan tó bá ti iléèwé ọmọbìnrin rẹ̀ mu rẹ́gí. Irun àgùntàn gidi ni, kò sí ihò kankan lára rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn délé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà wọlé láti iléèwé, ó sọ súwẹ́tà náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò wọ̀ ọ́ mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ló yí ọrùn aṣọ náà síta tó ka orúkọ ọmọ òyìnbó kan tí wọ́n rán mọ́ ọn. Láti ìgbà náà, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń pè é ní kíláàsì.

"Mọ́mì, ẹ ò rí i ni?"

Ó rí i. Ó ti rí i nígbà tó ń fọ̀ ọ́. Kò yọ ọ́, torí ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, wọ́n rán an ṣinṣin, ó sì wù ú wò. Ìyá kan níbì kan ló jókòó rán orúkọ yẹn kí súwẹ́tà ọmọ rẹ̀ má baà sọnù níléèwé. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n fi ṣẹlẹ́yà?

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ ká ra tuntun fún un. Ojú ń ti ọmọ." Tíṣà dákẹ́. Kò sí owó tuntun níbì kankan àfi lára èyí tí wọ́n fàlà sí nídìí. Lóru ọjọ́ náà, ó mú ìwé yẹn, ó wò ó títí. Ó tilẹ̀ mú bírò.

Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí ọmọ náà dìde kí àwọn jọ lọ wo tuntun. Wọ́n dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta aṣọ iléèwé. Ọmọ náà fọwọ́ pa èyí tí wọ́n nà sí i, ó nà án, ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ láti òdìkejì. Ó béèrè iye rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a lóhùn, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó dá aṣọ padà, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ, Mọ́mì."

Katangowa ni wọ́n yà sí. Tíṣà fún un ní ₦5,000, ó ní kó ṣà fúnra rẹ̀, òun kò ní dá sí i. Wákàtí méjì ló lò nídìí òkìtì. Síkẹ́ẹ̀tì kan àti bàtà aláwọ kan ló rà, ó sì já owó bàtà náà débi tí ẹni tó ń tà á fi pariwo pé, "Tíṣà, ẹ wá mú ọmọ yín kúrò nídìí ọjà mi!" Nígbà tí wọ́n délé, òun fúnra rẹ̀ ló fa fọ́nrán yọ lára síkẹ́ẹ̀tì náà tó ṣáná sí i. Rọ́bà ni. Ó bínú gan-an.

Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Tíṣà gbé réésà sórí tábìlì láti fi tú orúkọ inú súwẹ́tà náà. Ọmọ náà ní kó fi í sílẹ̀. Ó mú bírò, ó sì kọ orúkọ tirẹ̀ sábẹ́ ti ọmọ òyìnbó náà, lẹ́tà ńláńlá. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń wò ó láti ẹ̀yìn béèrè bóyá àyè máa ṣẹ́ kù fún tòun.