Àwa Ọmọ Ìkànnì 57

Bí ẹ bá dé Toronto láàárín ọdún 1988 sí 1999, tí ẹ gbé Rexdale, tàbí Jane àti Finch, tàbí Scarborough, ẹgbẹ́ wa ni yín. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba ológun, ló lé àwọn kan nínú wa kúrò nílé ní Nàìjíríà, ìjọba ológun Abacha ló lé àwọn mìíràn. A ń ṣiṣẹ́ alẹ́, a ń gbé yàrá abẹ́ ilé, owó kébù kò sì sí lọ́wọ́. Tẹlifíṣọ̀n tí a ní, ẹni tó ń kó jáde ló fi sílẹ̀ fún wa. A wé fọ́ìlì ìdáná mọ́ éríà rẹ̀ kí àwòrán lè dúró. Ìkànnì 57 la sì ń torí ẹ̀ yí éríà náà kiri. Citytv nìyẹn, tẹlifíṣọ̀n ìlú Toronto. Òun ló fi ìlú náà hàn wá kí àwa fúnra wa tó gbójúgbóyà láti rìn ín.

A kì í ṣe àjèjì sí tẹlifíṣọ̀n. Ilẹ̀ tí WNTV, tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1959 la ti wá, a sì mọ bí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ṣe ń jókòó lórí NTA, tẹlifíṣọ̀n ìjọba, ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí gèlè tàbí fìlà rẹ̀ gún régé, tí kò ní mira. Ní Citytv, ìdúró ni wọ́n ti ń ka ìròyìn. Wọ́n ń rìn láàárín tábìlì, ẹ ó sì máa rí àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn wọn lórí fóònù. Àwọn àgbà tó wá kí wa láti ilé kò gba ìyẹn rárá. "Ṣé wọn ò ní àga ni?" ni ìyá ọ̀rẹ́ wa kan bi wá. Àwa ní tiwa fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó dà bíi pé àwọn náà wà lẹ́nu iṣẹ́ bíi tiwa.

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1972 ni Citytv kọ́kọ́ jáde, lórí ìkànnì 79, láti 99 Queen Street East, nínú ilé tó ti jẹ́ ilé ijó tẹ́lẹ̀. Àwọn mẹ́rin ló wà nídìí rẹ̀: Phyllis Switzer, Moses Znaimer, Jerry Grafstein àti Edgar Cowan. Ní 1981 ilé-iṣẹ́ CHUM ra gbogbo rẹ̀. Ní 1983 ó bọ́ sórí ìkànnì 57. Znaimer la mọ orúkọ rẹ̀ jù. Tajikistan ni wọ́n bí i sí ní 1942, ọmọ Júù tí òbí rẹ̀ ń sá fún ogun Hitler, kí wọ́n tó dé Montreal ní 1948. Ẹni tó fi ọmọdé wọ ìlú onílùú ni, mo sì gbà pé ó hàn nínú irú àwọn tó gbà síṣẹ́.

Ní 1987 wọ́n kó lọ sí 299 Queen Street West. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló kọ́ ilé ńlá yẹn fún iṣẹ́ ìwé títẹ̀, àwọn ọmọ Mẹ́tọ́díìsì inú wa kì í sì í jẹ́ kí á gbàgbé rẹ̀. Znaimer kò fẹ́ sítúdíò tó dá dúró gédégbé. Wọ́n gbé wáyà kámẹ́rà yí ilé náà ká débi pé orí àtẹ̀gùn ni o, orí òrùlé ni o, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ti lè gbé ètò jáde. Wọ́n máa ń ṣí fèrèsé ìsàlẹ̀ sí títì, kí ẹni tó ń kọjá lè yọjú wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Lára ògiri ẹ̀gbẹ́, wọ́n fi iwájú ọkọ̀ ìròyìn kan sí i bí ẹni pé ó já ògiri jáde, táyà rẹ̀ ń yí lófìfo. Bí àlejò bá ti Nàìjíríà dé, a máa ń mú un lọ wò ó.

Ṣùgbọ́n ojú àwọn èèyàn ló dè wá mọ́ Citytv. Jojo Chintoh, ọmọ Ghana, ti ń kó ìròyìn níbẹ̀ láti 1978. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn jẹ́ fún wa. Ní 1983 ìjọba Nàìjíríà lé àwọn ará Ghana jáde. Àwa tí a wà nílé ìwé nígbà náà rí wọn pẹ̀lú báàgì onílà nínú ọgbà ọkọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì fi wọ́n ṣẹ̀sín. A wá dé Toronto, ara dúdú tí a ń rí tó ń fi ohùn Áfíríkà sọ fún ìlú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá àti ní kóòtù, ará Ghana ni. Bó bá yọ, ẹnìkan á pariwo láti yàrá ìgbàlejò pé, "Ẹ yáa máa bọ̀, bọ̀dá wa ti dé!" Bọ̀dá wa là ń pè é. Kò sí ẹni tó rán wa létí báàgì onílà, ṣùgbọ́n ó wà nínú ọkàn wa.

David Onley náà ńkọ́? Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí àrùn pólíò mú un. Láti 1984 ló ti wà ní Citytv, ó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, wọn kò sì fi àìlera rẹ̀ pamọ́ fún kámẹ́rà. Nílé, ẹni tí pólíò bá ṣe báyìí, etí títì ni ọ̀pọ̀ wọn ń jókòó sí. Àwọn ọmọ wa dàgbà láì mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnu ya àwọn. Ní 2007 wọ́n fi í ṣe aṣojú Ọbabìnrin ní Ontario, ó sì wà nípò náà títí di 2014. Nígbà tó kú ní 2023, ìpè fóònù la fi túfọ̀ fún ara wa.

Ní igun Queen àti John, lára ilé náà, ni àgọ́ kékeré Speakers' Corner wà. Ẹ ó ju owó wẹ́wẹ́ dọ́là kan sínú ihò, owó náà á lọ fún àwọn aláìní, ẹ ó kọjú sí kámẹ́rà, ẹ ó sọ tẹnu yín láàárín ìṣẹ́jú méjì. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ràn, wọ́n á gbé e jáde. Ẹgbẹ́ akọrin Barenaked Ladies kọrin níbẹ̀ kí ayé tó mọ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ òtútù, tí ìlà gùn, a dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nínú àpò, a ń tún ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ tò. Ọ̀kan nínú wa rojọ́ onílé tí kò tan ẹ̀rọ amúlégbóná. Òmíràn fi Yorùbá kí ìyá rẹ̀ kú ọdún. Ní ìlú tí ìwé ẹ̀rí wa kò ti ṣiṣẹ́, tí onímọ̀ ẹ̀rọ ń fọ ilẹ̀ ọ́fíìsì, ẹnìkan ṣe ibì kan tí wọn kò ti bi wá léèrè ìrírí Kánádà kí á tó lanu.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn. Ìròyìn ọ̀daràn pọ̀ ní Citytv, àdúgbò wa ni wọ́n sì ń gbé jáde ju àwọn tó kù lọ. A mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e níbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí wọ́n bá fi téépù ọlọ́pàá hàn ní Jane àti Finch. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún 1992, nígbà tí ìwọ́de lórí bí ọlọ́pàá ṣe ń ṣe sí àwọn aláwọ̀ dúdú di rògbòdìyàn ní Yonge Street, a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, à ń wá ojú àwọn ọmọ wa nínú èrò. Síbẹ̀, oníròyìn tó mọ orúkọ òpópónà wa sàn ju èyí tó wá láti Ottawa lọ.

Ní 2006, ìdílé tó ni CHUM gbà láti tà á fún Bell Globemedia. Ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ gan-an, òṣìṣẹ́ 281 ló pàdánù iṣẹ́ káàkiri Kánádà, wọ́n sì fòpin sí ìròyìn ìrọ̀lẹ́ àwọn ẹ̀ka Citytv ní àwọn ìlú bíi Vancouver àti Edmonton. Ní 2007, CRTC, àjọ tó ń bójú tó tẹlifíṣọ̀n, ní Bell gbọ́dọ̀ ta Citytv, Rogers sì rà á ní mílíọ̀nù 375 dọ́là. Ilé 299 dúró sọ́wọ́ Bell. Àwọn ọmọ Citytv kó ẹrù wọn ní 2009. Speakers' Corner ti kú ní 2008. Ní oṣù Kìíní 2010 wọ́n dá òṣìṣẹ́ púpọ̀ dúró, ìròyìn ọ̀sán sì lọ. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Mark Dailey kú, ẹni tí ohùn rẹ̀ tó rinlẹ̀ ń dárúkọ Citytv láàárín ètò kan sí èkejì, tí àwọn ọmọ wa ń sín jẹ nílé.

Àwọn ọmọ yẹn ti dàgbà, orí fóònù ni wọ́n ti ń rí ìròyìn, wọ́n sì mọ ohun tó ń lọ ní Washington ju ohun tí ìgbìmọ̀ ìlú Toronto ṣe lánàá lọ. Èyí ló ń dùn wá. Ṣùgbọ́n a lè ṣe nǹkan sí i: bí ìwé àṣẹ tẹlifíṣọ̀n bá tó tún ṣe, CRTC máa ń gba ìwé láti ọwọ́ ará ìlú, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́. A ti di ọmọ onílẹ̀ báyìí, a sanwó orí, a ra ilé ní Brampton àti Ajax. Ẹ jẹ́ kí á kọ ọ́. Kí á sọ fún wọn pé wákàtí ìròyìn ìlú tí Rogers ṣèlérí gbọ́dọ̀ pé, kí oníròyìn máa dé Rexdale lọ́jọ́ tí ìbọn kò dún, kí wọ́n sì gba àwọn ọmọ wa tó kàwé ìròyìn ní ilé-ìwé gíga Humber àti ní yunifásítì TMU síṣẹ́.