Ìwé Ti Wọ Inú Fóònù: Kí Ni Ojúṣe Wa?

Ọ̀rọ̀ ìwé ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ̀kalẹ̀ fún Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ni àṣẹ pé kó kà, a sì dárúkọ kàlámù nínú àwọn áyà àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn. Nítorí náà, bí ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìwé bá yí padà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò nìkan. Ó kan ilé kéwú, ó sì kan ilé olúkúlùkù wa.

Ìyípadà yìí kọ́ ni àkọ́kọ́. Orí wàláà ni àwọn bàbá wa ti fi tàdáà kọ́ kéwú, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń da ìwé kọ. Ìwé fífi ẹ̀rọ tẹ̀ pẹ́ kó tó wọ ilẹ̀ Mùsùlùmí. Ọdún 1727 ni ìjọba ilẹ̀ Tọ́kì gba Ibrahim Müteferrika láyè láti máa tẹ ìwé ní Istanbul, ìyọ̀ǹda náà kò sì kan ìwé ẹ̀sìn. Ọdún 1924 ni Àlùkùránì tí ìjọba Íjíbítì tẹ̀ jáde ní Cairo, òun sì ni ọ̀pọ̀ Àlùkùránì tí a ń rí lónìí tẹ̀ lé. Nílẹ̀ wa níbí, Ìwé Ìròyìn ti jáde ní Abẹ́òkúta láti 1859. Nígbà tó yá, Ṣéù Adam Abdullah al-Ilori, tó dá Markaz sílẹ̀ ní 1952, tó sì gbé e wá sí Agége ní 1955, fi hàn pé ọmọ Yorùbá lè kọ ìwé ní èdè Lárúbáwá kí ayé sì kà á. Ẹ̀rù ohun tuntun ti ba àwọn tó ṣáájú wa rí, àmọ́ ìwé títẹ̀ kò pa ẹ̀sìn.

Ní ọdún 1998, mo ṣe ìwé kékeré kan lórí náhàwù fún àwọn ọmọ ilé kéwú, mo fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó bá mi tẹ̀ ẹ́ ní táípù kò ní lẹ́tà Lárúbáwá lórí ẹ̀rọ rẹ̀, nítorí náà ó ń fi àyè sílẹ̀, èmi sì ń fi ọwọ́ kọ Lárúbáwá sí i. Bírò la fi ń fi àmì sábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ilé ìtẹ̀wé sọ pé àwọn kò lè tẹ ohun tí kò bá tó 1,000, nítorí iye kan náà ni owó àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ì báà jẹ́ ìwé mẹ́wàá, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún. Owó àjọ ni mo fi san án. Ọdún mẹ́fà ni páálí ìwé wà lábẹ́ ibùsùn wa kó tó tà tán.

Lónìí, ìyà yẹn ti dín kù. Láti 1991 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Unicode ti bẹ̀rẹ̀ sí fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà tiwọn nínú kọ̀ǹpútà. Òun ló jẹ́ kí Lárúbáwá tó ń ti ọ̀tún bọ̀ wá sí òsì àti Yorùbá tó ń ti òsì lọ sí ọ̀tún lè jókòó sórí ìlà kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé àádọ́ta péré lè rí i tẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ lè mú kí lẹ́tà tóbi sí i nínú fóònù.

Ẹ tún wo oore mìíràn. Àfáà tó kọ́ mi ní ìdìpọ̀ mẹ́ta péré nínú Fat'h al-Bari, ìwé ńlá tí Ibn Hajar fi ṣàlàyé àdíìsì Bukhari. Ó ń wá ìyókù títí tó fi kú. Lónìí, àkójọ ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní al-Maktaba al-Shamila, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé Lárúbáwá ló wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní ilé kéwú mi ní Fat'h al-Bari lódindi nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Bí mo bá rántí àfáà mi, n kò lè sọ pé ohun tuntun yìí kò dára.

Síbẹ̀, ohun méjì ń kọ mí lóminú.

Èkíní ni ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé. Ní ọdún 2019, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan fi ìwé ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní kí n wò ó, pé yóò wúlò fún àwọn ọmọ mi. Ìwé náhàwù mi ni! Ẹnì kan ti ya gbogbo ojú ewé rẹ̀ ní fọ́tò, àfi ojú ewé tí orúkọ mi wà nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Apá kejì ìwé náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi títí di òní, nítorí ilé ìtẹ̀wé tó fẹ́ bá mi ṣe é bi mí pé ta ni yóò rà á, nígbà tí apá kìíní ń rìn káàkiri lọ́fẹ̀ẹ́?

Àwọn kan á ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn fi ìmọ̀ pamọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé kò fi ìmọ̀ pamọ́, ńṣe ló mú un jáde. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, Àjọ Fíkíhì Ìsìláàmù Àgbáyé jókòó ní Kuwait, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé jẹ́ ẹ̀tọ́ tí ṣàríà dáàbò bò, kò sì tọ́ kí ẹnikẹ́ni rú u. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti Nàìjíríà ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, náà dáàbò bo iṣẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń ra ìwé Yorùbá kò pọ̀ tó àwọn tó ń ra ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá ń jí èyí tó wà, ta ni yóò kọ èyí tó ń bọ̀?

Èkejì ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, sọ fún bàbá àgbà rẹ̀ pé ó ń ṣi Fátíhà kà. Bàbá ń ka "maliki" láì fa ohùn, ọmọ sì ti rí i nínú fóònù pé "maaliki" ni wọ́n ń kà. Bàbá kò bínú, kò jà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹni tó ti ń síwájú ìrun nínú ilé fún ogójì ọdún kọ̀, kò síwájú mọ́.

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi, mo lọ sílé wọn. Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà pé kíkà Warsh láti ọ̀dọ̀ Nafi' ti Mẹ̀dínà ni àwọn àgbà wa jogún ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, pé kíkà Hafs láti ọ̀dọ̀ Asim ti Kufa ló tàn ká ayé jù lónìí, àti pé ọ̀dọ̀ Ànábì ni méjèèjì ti wá. Ilé ìtẹ̀wé Àlùkùránì tí Ọba Fahd ṣí ní Mẹ̀dínà ní 1984 ń tẹ Warsh bí ó ti ń tẹ Hafs. Warsh wà nínú fóònù náà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọmọ pé kó wá a? Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀. Bàbá ní kó jókòó, kó ka tirẹ̀ kí òun gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ni bàbá tún síwájú ìrun.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, fóònù lè gbé ìwé, àmọ́ kò lè sọ fún ọmọ pé ẹ̀dọ̀ ta ni bàbá rẹ̀ ti gba kéwú. Iṣẹ́ àfáà àti òbí nìyẹn, a kò sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ yín fún. Bí ìwé bá dé sórí fóònù yín, ẹ wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Bí ó bá ń ta á, ẹ rà á, kí ẹ má pín in kiri. Bí ọmọ yín bá ń ka kéwú nínú fóònù, kó wá kà á fún ẹni tó gbà á lẹ́nu àfáà. Lákòótán, àwọn ìwé tí àwọn bàbá ńlá wa fi ọwọ́ kọ wà nínú àpótí ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ikán sì ń jẹ wọ́n. Ẹ̀yin èwe tí ẹ mọ fóònù lò, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ẹ ya wọ́n ní fọ́tò ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbàgbé láti ya ojú ewé tí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà.

Kí Ọlọ́hun Ọba tó fi kàlámù kọ́ ènìyàn fún wa ní ìmọ̀ tó wúlò, kó sì forí ji àwọn àfáà wa tó ti lọ. Àmín.