Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ìyàwó mi ní dandan, iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ni ọmọ wa yóò kọ́ ní yunifásítì. Ọmọ ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé lòun fẹ́. Ilé ò rójú mọ́. Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ fún wọn. Bill Phillips, ọmọ New Zealand, iṣẹ́ iná ló kọ́kọ́ kọ́. Ní 1949, ó gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ ní London School of Economics, tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀ bí owó ṣe ń ṣàn nínú ìlú: díẹ̀ yà sí owó orí, díẹ̀ sí owó ìfipamọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ọrọ̀ ajé ló padà dà. Màmá ọmọ, owó ilé-ìwé, tiwa ni. Àìsùn orí ìwé, tọmọ ni. Ẹ jẹ́ kó yàn án fúnra rẹ̀.